Ìgèrè Tí Mo Pè Ní Ilé Agbára

Ọjọ́ kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi títí wọn ó fi gbé mi sin, ọjọ́ tí mo dúró sí etí ọ̀sà Àgbádárìgì pẹ̀lú táì lọ́rùn, bàtà dídán lẹ́sẹ̀, àti ìgèrè ẹja lọ́wọ́. Nígbà tí mo wí pé ìgèrè wà lọ́wọ́ mi, ẹ má ṣe rò pé èmi ni mo dì í mú. Òun ló dì mí mú.

Fún ẹ̀yin tí ẹ kò dàgbà sétí omi, ìgèrè ni apẹ̀rẹ̀ gígùn tí àwọn apẹja fi igi ògùrọ̀ tí wọ́n là wẹ́wẹ́ hun. Ó gùn, ó rí roboto láàárín, ó sì tín-ín-rín nídìí. Ẹnu rẹ̀ ni ọgbọ́n wà: wọ́n to igi ṣóńṣó-ṣóńṣó yí i ká, gbogbo wọn kọjú sínú. Ẹja tí ó bá ń wọlé yóò rò pé ilé àna òun ni òun ń wọ̀. Ìgbà tí ó bá fẹ́ padà ni igi yóò gún un. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí pé èmi kò fi í sọ́kàn.

Òyìnbó ló ṣì ń ṣàkóso wa nígbà náà. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni mí, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Abẹ́òkúta dé, mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì ní ilé-ìwé girama kan tí ìjọ dá sílẹ̀. Àmọ́ iṣẹ́ náà kò tíì di tèmi. Wọ́n gbà mí láti dán mi wò ni. Alábẹ̀wò ilé-ìwé kan yóò ti Èkó wá, yóò jókòó wò mí bí mo ti ń kọ́ni, yóò sì sọ bóyá kí wọ́n fi mí múlẹ̀ tàbí kí n di ẹrù mi. Bí ó bá ní kí n di ẹrù, ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ ẹ̀gbọ́n mi ni n ó padà sí, ẹni tí ó ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé ìwé tí mò ń kà yóò parí síbi kí n máa gán bọ́tìnì mọ́ ẹ̀wù oníbàárà òun.

Ọ̀gá àgbà ilé-ìwé wa jẹ́ ènìyàn jẹ́jẹ́ tí kì í fẹ́ wàhálà. Ó pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀ nígbà tí ọjọ́ ìbẹ̀wò kù díẹ̀.

"Ẹ̀wà ni kí o kọ́ wọn," ó wí. "Gbin ẹ̀wà sínú ife, fi òwú tútù sí i lábẹ́, kí alábẹ̀wò rí i bó ti hù. Kò sí alábẹ̀wò tó tíì bá ẹ̀wà jà rí."

"Ọ̀gá, ẹ̀wà ti sú gbogbo ayé."

Ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀. "Ó ti sú ìwọ tí o kò tíì níṣẹ́."

Ó yẹ kí n gbọ́. Àmọ́ ọ̀rẹ́ mi kan tó ń kàwé nílùú òyìnbó ti fi ìwé ìròyìn kan ránṣẹ́ sí mi, àwòrán kan sì wà nínú rẹ̀ tí kò jẹ́ kí n sùn. Ẹ̀rọ awò tuntun kan, tó ń sọ ohun bíńtín di ńlá, tó sì lágbára ju gbogbo awò ìṣáájú lọ, ni wọ́n fi yà á. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ fún yín bí mo ti lérò láti ṣàlàyé rẹ̀ lọ́jọ́ náà, kí ayé tó dojú rú mọ́ mi lórí.

Ara wa yìí, àwọn yàrá kéékèèké tí ojú lásán kò lè rí ni a fi kọ́ ọ. Sẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ń pè wọ́n. Nínú èyí tó pọ̀ jù lọ nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí (mi ò wí pé nínú gbogbo wọn o, nítorí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa kò ní) ni àwọn nǹkan gbọọrọ-gbọọrọ kan wà tí orúkọ wọn ń jẹ́ mitokọ́ńdríà. Awọ méjì ló bò wọ́n. Awọ òde tẹ́jú, ó ń dán. Awọ inú ló ká kò ní ìká lórí ìká, bí aṣọ tí ènìyàn rọ́ sínú àpótí tó kéré jù fún un. Kò sì ká kò lásán. Orí awọ inú yẹn ni iṣẹ́ ti ń lọ, bí ìká rẹ̀ bá sì ti pọ̀ tó ni àyè iṣẹ́ ti pọ̀ tó. Oúnjẹ tí a jẹ, lẹ́yìn tí ara ti fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́, ń wọ ibẹ̀. Èémí tí a mí sínú ń wọ ibẹ̀ pẹ̀lú. Ibẹ̀ ni ara ti ń fa agbára yọ nínú wọn, agbára tí a fi ń rìn, tí a fi ń rẹ́rìn-ín, tí a sì fi ń bá alájọgbélé jà. Nítorí náà ni mo ṣe ń pè é ní ilé agbára sẹ́ẹ̀lì.

Mo fẹ́ kí àwọn ọmọ rí i, kí wọ́n fọwọ́ kàn án. Mò ń wá ohun tó gùn, tó rí roboto láàárín, tó sì ní inú. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo jáde lọ fọ ẹsẹ̀ lẹ́yìn ilé tí mo ń gbé, mo sì rí mitokọ́ńdríà tí wọ́n fi kọ́ sára ògiri.

Ìyá Mautin ló ni ilé náà, obìnrin Ègùn kan tó sanra, tó lawọ́, tó sì máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí oorun ń kùn. Ìgèrè ọkọ rẹ̀ ni. Ọkọ rẹ̀ ti lọ kí àwọn ará rẹ̀ ní Pọ́tónóvò.

"Ìyá Mautin, ẹ jọ̀wọ́, ẹ yá mi ní ìgèrè yìí. Mo fẹ́ fi kọ́ àwọn ọmọ níwèé."

"Ìgèrè? Ṣé wọ́n ti ń kọ́ wọn ní ẹja pípa nílé-ìwé báyìí?"

"Rárá, mà. Ohun tó wà nínú ara ènìyàn ni mo fẹ́ fi hàn wọ́n."

Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó mú ìgèrè náà sọ̀ kalẹ̀, ó sì gbé e fún mi. "Mú un lọ. Ṣùgbọ́n má jẹ́ kó dé etí omi o."

"Ẹ má ṣèyọnu, kò ní tutù rárá."

Ó mi orí, ó sì wọlé lọ. Èmi rò pé ohun ìní ọkọ rẹ̀ ló ń ṣìkẹ́.

Mo ra ẹní pẹlẹbẹ, mo gé e gbọọrọ, mo ká a lọ, mo ká a bọ̀, mo ti ìdí ìgèrè rọ́ ọ wọlé, ó sì jókòó sínú rẹ̀ bí awọ inú ti jókòó nínú àwòrán. Ìyá Mautin bá mi fi okùn di ìdí rẹ̀ ní ìdì àwọn apẹja, èyí tí ẹlòmíràn kì í lè tú.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìbẹ̀wò, mo wọ ẹ̀wù funfun, mo so táì tí ẹ̀gbọ́n mi rán, mo gbé ìgèrè lérí, mo sì gba etí ọ̀sà lọ, nítorí ọ̀nà ibẹ̀ yá ju ti àárín ìlú lọ. Mo rí i pé èbúté dákẹ́ jẹ́ẹ́. Kò sí ọkọ̀ lórí omi. Àwọn apẹja jókòó sábẹ́ igi àgbọn, wọ́n ń tún àwọ̀n ṣe. Mo tún rí i pé wọ́n ti ri ọ̀pá mọ́lẹ̀ létí omi, wọ́n sì ta màrìwò tútù lé wọn láti ọ̀pá dé ọ̀pá. Ó wù mí. Ṣebí Ọ̀gá àgbà ti ní kí àwọn ọmọ so imọ̀ ọ̀pẹ mọ́ ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé láti fi kí àlejò káàbọ̀. Mo wí nínú ara mi pé ará Àgbádárìgì mà mọ àlejò ṣe, wọ́n ti ṣe ìlú lọ́ṣọ̀ọ́ dé etí omi nítorí alábẹ̀wò ilé-ìwé.

Ibẹ̀ gan-an ni mo ti gbọ́ "pàù" lókè orí mi. Ìká ẹní náà ti tú. Gbogbo awọ inú mitokọ́ńdríà mi ti di ẹní lásán.

Mo sọ ìgèrè kalẹ̀. Ìdì ìdí rẹ̀ kò gbà fún mi láti tú. Kí ni mo wá ṣe? Mo rọra rìn lọ sí ìdí ọ̀pá tó sún mọ́ mi, mo ya màrìwò ẹ̀kúnwọ́ kan, mo rò pé n ó fi so ìká náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ilẹ̀ ibẹ̀ ń yọ̀, ẹsẹ̀ mi kan sì bọ́ sínú omi. N kò kà á sí. Mo ti ọwọ́ ọ̀tún bọ ẹnu ìgèrè títí dé ìgúnpá, mo so ìká kan, mo so èkejì, inú mi ń dùn. Ìgbà tí mo fẹ́ fa ọwọ́ jáde ni mo tó rántí ẹja.

Mo fà á, igi gún mi. Mo tún fà á, ó tún gún mi. Mo fẹsẹ̀ tẹ ìgèrè náà mọ́lẹ̀, mo fi gbogbo ara fà, mo sì jókòó pẹ̀tẹ̀ sínú ẹrẹ̀. Nígbà tí mo gbójú sókè, àwọn apẹja ti dìde lábẹ́ igi àgbọn. Wọ́n kàn dúró, wọ́n ń wò mí bí ẹni ń wo ẹja tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ agbada.

Àgbàlagbà tó wà níwájú wọn ni Dàá Húnsù, olórí àwọn apẹja etíkun náà. Dàá ni àwọn Ègùn ń pe bàbá.

"Tíṣà, o jí ire?"

"A dúpẹ́, Dàá. Ẹ káàárọ̀, sà."

"Kí lo ń wá nínú omi?"

"Mi ò wá nǹkan kan níbẹ̀, Dàá. Ilé-ìwé ni mò ń lọ."

"Ilé-ìwé." Ó yíjú, ó sọ ọ́ ní èdè Ègùn fún àwọn yòókù, wọ́n sì mi orí. "Kí wá ni èyí tó gbé ọ lọ́wọ́ mì?"

Mo ti wo ojú gbogbo wọn nígbà náà, ara sì ti ń sọ fún mi pé nǹkan kò dára. Mo rò pé bí mo bá ti lè sọ pé kì í ṣe ti ẹja pípa, ọ̀rọ̀ yóò tán.

"Kì í ṣe ìgèrè, Dàá."

Wọ́n wo ìgèrè, wọ́n wò mí. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ kíláàsì máa ń wò nígbà tí tíṣà bá kọ àṣìṣe sójú pátákó tí òun fúnra rẹ̀ kò tíì rí.

"Kì í ṣe ìgèrè," Dàá Húnsù tún un wí. "Èmi ni mo hun ún. Ọwọ́ mi méjèèjì yìí. Mo tà á fún ọkọ Ìyá Mautin. Kí wá ni?"

"Mitokọ́ńdríà ni, Dàá. Ó wà nínú ara yín."

"Kí ló wà nínú ara mi?"

"Irú èyí, sà. Wọn kò lóǹkà. Ó wà nínú apá yín, ó wà nínú itan yín. Inú ọkàn yín gan-an ló pọ̀ sí jù."

Ọkùnrin gíga kan tó mú abẹ́rẹ́ àwọ̀n lọ́wọ́ sún mọ́ ọn. "Dàá, ó ní ìgèrè wà nínú ọkàn yín."

"Mo gbọ́."

"Ó ní ó pọ̀."

"Mo ní mo gbọ́. Ṣé mo dití ni?" Ó wá kọjú sí mi. "Tíṣà, ta ló fi í síbẹ̀?"

Ẹni tó bá gbọ́n yóò ní Ọlọ́run ni. Ṣùgbọ́n tíṣà ni mí, mo sì fẹ́ kí ìdáhùn mi péye. "A bí i mọ́ yín ni, sà. Ìyá yín náà ní i kó tó bí yín."

Wọn kò jẹ́ kí n parí gbólóhùn tó tẹ̀lé e tí wọ́n fi mú mi lọ.

Ọ̀nà àgbàlá Dàá Húnsù kò jìn, mo sì gbọ́ ẹ̀ṣẹ̀ mi lójú ọ̀nà lẹ́nu ọkùnrin gíga náà. Ọ̀sà wà ní ìsinmi. Nígbà tí ẹja bá ń yé, àwọn àgbà a máa pa omi náà dé kí ẹja lè bí sí i. Màrìwò létí omi ni àmì rẹ̀. Ìgèrè tàbí àwọ̀n kò gbọdọ̀ dé etí omi títí wọn ó fi ṣí i, ẹni tó bá sì ya màrìwò ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣí ohun tí gbogbo ìlú pa dé.

"Èmi rò pé nítorí alábẹ̀wò ilé-ìwé lẹ ṣe ta á," mo wí.

"Ta ni ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?" ọkùnrin náà bi mí.

Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n gé ìgèrè náà kúrò lọ́wọ́ mi. Dàá Húnsù ní rárá. Ohun ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n bá ká mọ́ ni lọ́wọ́, a kì í gé e kí ẹjọ́ tó parí. Wọ́n ránṣẹ́ pe Ìyá Mautin, ó sì dé, ó jókòó lórí àpótí, ó ń fi ìdí aṣọ nu ojú.

"Mo kìlọ̀ fún un," ó wí. "Mo ní kó má jẹ́ kó dé etí omi."

"Èmi rò pé ẹ ò fẹ́ kó tutù ni, mà."

"Ìgèrè?" Ó wo gbogbo àwọn àgbà yíká. "Kí ìgèrè má tutù?"

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì dùn wọ́n ju bó ti dùn mí lọ.

Àwọn ọmọ ilé-ìwé tó ń kọjá ti rí mi, ìròyìn sì ti ṣáájú mi dé kíláàsì. Kò pẹ́ tí Ọ̀gá àgbà fi wọ àgbàlá náà, òógùn bò ó. Ó wo ẹrẹ̀ ara mi, ó wo táì mi, ó wo ìgèrè. "Ẹ̀wà," ni gbogbo ohun tó lè sọ.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni alábẹ̀wò wà, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ọmọ Èkó, tó dé fìlà òyìnbó, tí ojú rẹ̀ kò sì sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn alábẹ̀wò ni gbogbo kíláàsì mi wà, wọ́n ru bẹ́ǹṣì. Ọ̀gá àgbà ti fẹ́ kí ó dúró dè mí ní ọ́fíìsì, ṣùgbọ́n alábẹ̀wò ní ibi tí olùkọ́ bá wà ni òun yóò ti yẹ̀ ẹ́ wò, òun kò ti Èkó wá láti wá wo àga.

Ó ṣí fìlà, ó kí Dàá Húnsù tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó sì tún un dé. "Bàbá, ẹ dákun, ṣé ẹjọ́ yín lè fún wa láàyè díẹ̀ kí tíṣà yìí ṣiṣẹ́ rẹ̀? Bó bá yege, ẹ ó dá a lẹ́jọ́. Bí kò bá yege, ẹ ó ṣì dá a lẹ́jọ́."

Dàá Húnsù rò ó wò. "Kó kọ́ wa," ó wí. "Èmi náà fẹ́ mọ ohun tó wà lọ́kàn mi."

Mo ti kọ́ni ní ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ìgbà náà, mo sì lè fi dá yín lójú pé kò sí ẹ̀kọ́ tó le bí èyí tí ènìyàn ń kọ́ni pẹ̀lú ìgèrè lápá ọ̀tún. Mi ò lè tọ́ka sí nǹkan kan, nítorí ìka tí mo fi ń tọ́ka wà nínú ohun tí mo fẹ́ tọ́ka sí. Mo fi ọwọ́ òsì kan ara ìgèrè, mo ní awọ òde nìyí. Mo ní kí wọ́n yọjú wo inú láàárín igi, wọ́n á rí awọ inú tó ká kò. Àwọn ọmọ wá yọjú, ohun tí wọ́n sì rí ni ọwọ́ tíṣà wọn tó di màrìwò mú. Wọ́n fi ẹ̀wù bo ẹnu.

Nígbà tí mo dé ibi tí agbára ti ń jáde, mo gbàgbé ara mi. Mo gbé ọwọ́ sókè bí mo ti máa ń ṣe. Ìgèrè bá mi gbéra, ìdí rẹ̀ gba fìlà lórí alábẹ̀wò, fìlà fò bọ́ sínú agbada tí ìyàwó Dàá Húnsù ń fi se òróró àgbọn lọ́wọ́. Ọ̀gá àgbà kó orí sáàárín ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Alábẹ̀wò kò wo fìlà náà lẹ́ẹ̀mejì.

"Máa bá a lọ," ó wí.

Mo ń bá a lọ. Ìtìjú mi ti kún àkúnwọ́sílẹ̀, kò sí ibòmíràn tó tún lè gbà. Mo sọ pé ẹran ara tó bá ń ṣiṣẹ́ gan-an ni mitokọ́ńdríà rẹ̀ máa ń pọ̀, nítorí náà ni ọkàn tí kì í sinmi fi ní i tó bẹ́ẹ̀.

"Ẹni tó ń wa ọkọ̀ ńkọ́?" Dàá Húnsù ló bèèrè. "Apá rẹ̀ àti apá ẹni tó ń jókòó kọ̀wé, ṣé ọgba ni?"

"Kò lè jẹ́ ọgba, Dàá. Ti ẹni tó ń wa ọkọ̀ ló máa pọ̀ jù."

Ọkùnrin gíga náà ká apá ẹ̀wù rẹ̀ sókè, ó wò ó, ó sì rọra jókòó sí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọ. Mo rí i pé ojú ti ń rọ̀, ẹ̀rù sì bẹ̀rẹ̀ sí í kúrò lára mi. Bóyá mo lè mórí bọ́ lọ́dọ̀ àwọn apẹja àti alábẹ̀wò pa pọ̀. Bí àwọn apẹja bá gbà pé ohun ìkọ́ni ni ohun tó wà lọ́wọ́ mi, ẹ̀ṣẹ̀ ìgèrè ti kúrò, ó ku ti màrìwò nìkan.

Ibẹ̀ ni alábẹ̀wò ti gbé ọwọ́ sókè bí akẹ́kọ̀ọ́.

"Tíṣà, o ní oúnjẹ àti èémí ń wọlé, agbára sì ń jáde."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Kí ló wá dé tí ọwọ́ rẹ kò fi lè jáde?"

Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Bí mo bá ní ohun ìkọ́ni mi péye, irọ́ ni mo pa fún àwọn ọmọ yẹn, alábẹ̀wò sì mọ̀. Bí mo bá sọ òótọ́, Dàá Húnsù wà níwájú mi. Ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ wá sí mi lójú, mo sì ń gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n mi tó ń ka bọ́tìnì. Ṣùgbọ́n ọmọ kan wà ní bẹ́ǹṣì iwájú tó ti mú lẹ́ẹ̀dì, tó ń ya ìgèrè sínú ìwé rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo igi ẹnu rẹ̀. Bí mo bá dákẹ́, ohun tí yóò mọ̀ títí ayé nìyẹn.

"Àṣìṣe mi ni, sà," mo wí. "Mitokọ́ńdríà kì í ti nǹkan mọ́lé. Ohun tó wọ inú rẹ̀ ń jáde lọ́nà mìíràn: agbára ń jáde, omi ń jáde, èémí tó ti bàjẹ́ ń jáde, a sì ń mí in síta. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ pa igi ẹnu yẹn rẹ́ nínú ìwé yín. Gígùn rẹ̀ àti ìká inú rẹ̀ nìkan ni nǹkan yìí fi jọ ọ́."

"Ìyókù ńkọ́?" Dàá Húnsù bèèrè.

Mo mí kanlẹ̀. "Ìyókù, ìgèrè ni, Dàá."

"Ìgèrè ni."

"Ìgèrè ni, sà."

Ó wo àwọn àgbà, wọ́n sì mi orí. Ẹjọ́ ti parí, ẹnu ara mi ni mo fi dá a. Ó ní kí n fi ọwọ́ ara mi ta màrìwò tuntun sí ibi tí mo ti ya á, lójú gbogbo àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, kí n má sì gba etí omi kọjá mọ́ títí wọn ó fi ṣí ọ̀sà. Ìgèrè yóò wà lọ́dọ̀ òun títí ọkọ Ìyá Mautin yóò fi dé. "Nítorí pé o sọ òótọ́," ó wí, "mi ò ní bèèrè ohun tí o sọ nípa ìyá mi."

Ìyá Mautin ló yọ mí. Ó bu òróró àgbọn nínú agbada, lẹ́yìn tí ó ti yọ fìlà tó wà nínú rẹ̀, ó dúró kó tutù, ó dà á sí apá mi, ó sì fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ há àárín igi àti awọ ara mi. Ó ní kí n ti ọwọ́ wọ inú sí i ná, kí n tó fà á. Mo ṣe bẹ́ẹ̀, ọwọ́ mi sì yọ ṣòròrò.

Alábẹ̀wò fi fìlà tó ń kán òróró mọ́ abíyá. Mo tẹ̀lé e dé ẹnu ọ̀nà, mi ò lè bèèrè, mi ò sì lè padà.

"Gbogbo ilé-ìwé tí mo ti yà láti Èkó dé ìhín, ẹ̀wà ni wọ́n fi hàn mí," ó wí. "Mi ò fẹ́ rí ẹ̀wà mọ́ láyé. Kò sí èyí tó ní kí àwọn ọmọ pa ohun kan rẹ́ nínú ìwé wọn nítorí pé òun ṣì í. N ó ní kí wọ́n fi ọ́ múlẹ̀."

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja pẹ̀lú ẹrẹ̀ àti òróró. Nígbà tí mo ṣì wà nílẹ̀, mo gbọ́ tó ń sọ fún Ọ̀gá àgbà pé, "Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ohun ìkọ́ni kankan mọ́. Ẹ fún un ní ṣọ́ọ̀kì."

Mo ta màrìwò náà ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn, àwọn ọmọ tò sẹ́yìn mi, wọ́n ń sọ fún mi ibi tó wọ́. Fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àárín ìlú ni mo ń gbà lọ sílé-ìwé, ọ̀nà jíjìn, gbogbo ẹni tí mo bá sì pàdé ló ń bi mí bóyá mitokọ́ńdríà ti mú ẹja lónìí.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ kò ṣòro, bó tilẹ̀ jẹ́ pé apá mi ló san owó ilé-ìwé rẹ̀. Kí tíṣà tó fi ohun kan hàn ènìyàn, kí ó kọ́kọ́ bèèrè ohun tí ohun náà jẹ́ lójú ẹni tó fẹ́ fi hàn. Èmi wo apẹ̀rẹ̀ ẹja, mo rí ilé agbára. Àwọn tó ni omi wò ó, wọ́n rí olè. Bí mo bá ti bi ènìyàn kan ṣoṣo lọ́jọ́ náà pé "Kí ni màrìwò yìí wà fún?", ǹ bá ti dé kíláàsì pẹ̀lú ẹ̀wù funfun. Bí ẹ bá lọ sí ìlú onílùú, ẹ máa bèèrè. Ìbéèrè kì í gún ni lápá.

Ní ti àṣìṣe, ẹ má bẹ̀rù rẹ̀. Ẹ kàn jẹ́wọ́ rẹ̀ kí ọmọ tó fi íńkì kọ ọ́. Èmi ń kọ èyí lónìí, mo ń fi ọwọ́ òsì pa apá ọ̀tún lára, mo sì ń rẹ́rìn-ín débi pé ìyàwó mi ti yọjú láti yàrá láti wò bóyá ara mi dá. Mo ní ara mi le. Ó ní kí ló wá ń pa mí lẹ́rìn-ín. Mo ní ọmọdé kan ni, ó wọ bàtà dídán, ó ń lọ sílé-ìwé, kò sì gbọ́ nígbà tí wọ́n ní kó lọ gbin ẹ̀wà.